Jimmy Blanton, ọmọkùnrin tó mú báàsì sọ̀rọ̀

 Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe Yorùbá, ará Amẹ́ríkà ni, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń ta gìtá báàsì ní ṣápẹ́ẹ̀lì ò lè ṣe kí n má sọ ọ́. Ṣebí ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá ń pín ohun èlò orin, kíbọ́ọ̀dù àti ìlù ni gbogbo èèyàn máa ń sáré sí. Ẹni tó bá pẹ́ dé ni wọ́n máa ń gbé báàsì fún.

Oṣù kẹwàá ọdún 1918 ni wọ́n bí Jimmy Blanton nílùú Chattanooga, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Ìyá rẹ̀ máa ń tẹ dùùrù, ó sì ní ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀. Fáólínì, ìyẹn gòjé òyìnbó, ni ọmọ náà kọ́kọ́ kọ́. Nígbà tó yá ló bọ́ sídìí báàsì, èyí onígi ńlá tó ga ju èèyàn lọ, tí wọ́n máa ń dúró gbá mọ́ra. Okùn mẹ́rin ló ní, bíi tèmi gan-an. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, á bá ẹgbẹ́ Fate Marable ṣeré nínú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Mississippi. Níkẹyìn ó fi ìwé sílẹ̀, ó kó lọ sí St. Louis, ó wọ ẹgbẹ́ Jeter-Pillars. (Kí mọ́mì mi má gbọ́ pé mo ń yin ẹni tó fi ìwé sílẹ̀ o!)

Ní St. Louis, tí àwọn olórin jazz bá ṣíwọ́ iṣẹ́ lóru, wọ́n á tún kóra jọ ṣeré fún ara wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ní ìparí ọdún 1939, Duke Ellington, tí òkìkí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kan káàkiri, wá sí ìlú náà. Wọ́n ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ Jimmy, ni wọ́n bá lọ pe ọ̀gá wọn. Ọmọ ọdún 21 ni Jimmy nígbà náà. Duke ti ní oníbáàsì tẹ́lẹ̀, Billy Taylor, síbẹ̀ ó gba Jimmy. Àwọn méjèèjì wá ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ta báàsì. Kò pé oṣù mélòó kan tí Billy fi kúrò. Wọ́n ní kò fẹ́ dúró ti ọmọ tó ń dójú tì í lójú gbogbo ayé mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, torí òun náà kì í ṣe kékeré.

Kí wá ni Jimmy ṣe gan-an? Ẹ wo ìlù dùndún. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e, ohun kan náà ni wọ́n ń lù léraléra. Irú ipò yẹn ni báàsì wà nínú jazz. Jimmy ló sọ ọ́ di ìyáàlù. Ó ń fi í kọ orin, ó ń fi ìka ta á, ó tún ń fi ọrun fà á bíi gòjé. Ní 1939 àti 1940, òun àti Duke nìkan gbé orin jáde, dùùrù kan, báàsì kan, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn.

Ní ìparí 1941, wọ́n rí i pé ó ní ikọ́ ife. Ó kú ní California lọ́jọ́ 30 oṣù keje 1942, ọmọ ọdún 23. Lọ́dún yẹn kan náà ni ikọ́ ife pa Charlie Christian, onígìtá, ọmọ ọdún 25. Ọdún 1943 ni wọ́n tó rí streptomycin, oògùn àkọ́kọ́ tó ń wo ikọ́ náà. Ọdún kan péré!

Kò ju ọdún méjì lọ tó lò pẹ̀lú Duke. Síbẹ̀, tí àwọn òǹkọ̀wé bá ń dárúkọ ẹgbẹ́ Duke ti ìgbà yẹn, orúkọ Blanton àti ti Ben Webster tó ń fọn sasofóònù ni wọ́n fi ń pè é. Tíṣà orin wa ní “Jack the Bear” lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ ní kó fi sí i fún yín, kí ẹ fetí sí báàsì níbẹ̀rẹ̀ àti níparí.