Lee Wulff, Ọkùnrin Tó Ń Dá Ẹja Ńlá Padà Sómi

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo sọ fún ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wa pé ìtàn ọkùnrin kan tó ń mú ẹja tó sì ń dá a padà sínú omi ni mo fẹ́ kọ sórí pátákó lọ́sẹ̀ yìí, olóòtú wa bi mí bóyá ara mi yá. Ẹnì kan ní àfàìmọ̀ ni ọkùnrin náà fi ní ìyàwó nílé, torí ìyàwó wo ló máa gbà kí ọkọ òun lọ sódò láàárọ̀, kó dé nírọ̀lẹ́ lọ́wọ́ òfìfo, kó tún wá máa sọ pé òun rí ẹja mú? Mo fara dà á. Ìdí tí mo fi fara dà á, màá sọ ọ́ tó bá yá.

Henry Leon Wulff ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Lee Wulff ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Inú ìwé àtijọ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya nínú ilé ìkàwé wa ni mo ti kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀: ọkùnrin gíga kan tó dúró nínú odò tómi mù ún dé ìbàdí, tó fọwọ́ méjèèjì gbé ẹja kan tó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó ọmọ ọdún méjì. Mo rò pé ó ń gbé e bọ̀ wá sílé ni. Àṣé ó ń gbé e lọ sílé tirẹ̀.

Ọjọ́ 10, oṣù Kejì, ọdún 1905 ni wọ́n bí i ní ìlú Valdez, ní Alaska, ilẹ̀ olótùútù tí Amẹ́ríkà rà lọ́wọ́ ìjọba Rọ́ṣíà ní 1867. Etí òkun ni Valdez wà, yìnyín ló sì yí i ká. Ẹja tó pọ̀ níbẹ̀ ni ẹja tí wọ́n ń pè ní salmon. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ẹja yìí, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè mọ Wulff. Inú odò tí omi rẹ̀ kò níyọ̀ ni wọ́n ti ń bí salmon. Tó bá dàgbà díẹ̀, á bá odò náà lọ sínú òkun oníyọ̀, ibẹ̀ ni á ti máa jẹun fún ọdún kan, méjì, mẹ́ta, tí á fi di ẹja ńlá. Nígbà tí àkókò àtiyé ẹyin bá tó, á padà wá sí odò tí wọ́n ti bí i gan-an, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sọ pé òórùn omi ilé ló fi ń mọ̀nà. Bí ọmọ Èkìtì tó lọ wá iṣẹ́ lọ sí Èkó tó wá padà wálé wá kọ́lé ló rí. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé tó bá ti wọ odò padà báyìí, kì í jẹun mọ́. Síbẹ̀ ó ń bu ìwọ̀ jẹ! Títí dòní àwọn apẹja ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀.

Láti kékeré ni Wulff ti ń dẹ ìwọ̀ ní Valdez. Lẹ́yìn náà àwọn òbí rẹ̀ kó kúrò ní Alaska, òun náà sì wọ Yunifásítì Stanford ní California, níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ó jáde ní 1926. Ẹ wo ohun tó ṣe lẹ́yìn náà: ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Paris, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán. Tó bá ṣe pé bàbá tèmi ni, tí mo parí ẹnjiníà tí mo ní mo fẹ́ lọ ya àwòrán, ẹ̀yin ni ẹ máa wá bẹ̀bẹ̀ fún mi. Nígbà tó padà dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ìpolówó ọjà ní New York. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò kúrò lódò, nígbà tó sì yá ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá. Ó wá ń fi ìwé kíkọ, fọ́tò àti sinimá nípa ẹja pípa jẹun.

Ọlọ́gbọ́n ọwọ́ ni. Ní nǹkan bí 1930, ó rí i pé àwọn apẹja ń ru àpò kiri, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ẹ̀wù kékeré aláìlápá kan tó kún fún àpò níwájú. Irú ẹ̀wù yẹn náà ni àwọn oníkámẹ́rà ń wọ̀ lóde ìnáwó wa báyìí. Ìdẹ tó ń lò kì í ṣe ekòló, ìdẹ ẹ̀tàn ni, irun ẹran àti ìyẹ́ ẹyẹ tí wọ́n fi òwú dì mọ́ ìwọ̀ títí á fi jọ kòkòrò. Ìyẹ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ ń lò fún apá kòkòrò náà tẹ́lẹ̀. Irun ìrù àgbọ̀nrín ni tirẹ̀, kó lè léfòó dáadáa. Títí dòní orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pe irú ìdẹ bẹ́ẹ̀.

Kì í gba ohun tí kò bá tíì dán wò gbọ́. Àwọn apẹja ìgbà yẹn gbà pé tí ènìyàn bá wọ ṣòkòtò rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń wọ odò, tó wá já sínú ibú, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gbé ẹsẹ̀ onítọ̀hún sókè, á dorí rẹ̀ kodò, á sì kú. Wulff ní irọ́ ni. Ní 1947 ó wọ ṣòkòtò náà, ó gun orí afárá, ó sì bẹ́ sínú odò lójú kámẹ́rà. Ó jáde, ó lúwẹ̀ẹ́ débùú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n ń jiyàn pé ọ̀pá tó lágbára nìkan ló lè mú salmon. Ó ju ọ̀pá sílẹ̀ pátápátá, ó fi ọwọ́ lásán ju okùn, ó sì mú salmon bọ̀.

Ọdún 1939 ló tẹ ìwé kan jáde nípa pípa ẹja inú odò, ibẹ̀ ló sì ti sọ èrò tó sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé ẹja tó dára, ẹnì kan péré ló ń gbádùn rẹ̀ tó bá ti kú, ṣùgbọ́n tí a bá dá a padà láàyè, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì lè bá a jìjàkadì lẹ́yìn wa. Lásìkò yẹn, iye ẹja tí apẹja bá gbé kọ́ ni wọ́n fi ń mọ akíkanjú. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí olóòtú wa ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹja ńlá ló yẹ ká dá padà, tí kì í ṣe kékeré nìkan? Ẹyin ni. Abo salmon tó wúwo ní kìlógírámù 10 lè gbé ẹyin tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ nínú, kékeré kò lè gbé tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Èyí tó sì dàgbà tóbẹ́ẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹran omi, lọ́wọ́ àwọ̀n, lọ́wọ́ ebi. Salmon òkun Àtìláńtíìkì, èyí tí Wulff fẹ́ràn jù, kì í fi dandan kú lẹ́yìn tó bá yé ẹyin bíi ti Alaska. Òmíràn lè padà sókun kó tún wá. Bó ṣe ń dá a padà náà kì í ṣe kó kàn jù ú. Kì í jẹ́ kó rẹ ẹja jù, kì í wọ́ ọ gun orí yanrìn, á fi omi tutù sí ọwọ́ kó tó dì í mú torí kí ara yíyọ̀ rẹ̀ má bàa bó, á wá kọ orí rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ títí tí yóò fi mí dáadáa, tí yóò sì fi agbára ara rẹ̀ lọ.

Ó wá ku ìdí tí mo fi fara da ẹ̀rín yín.

Odò kan wà lẹ́yìn oko bàbá àgbà mi, lọ́nà Ìkógòsì. Nígbà tí mo wà ní JSS 1, mo tẹ̀lé àwọn ẹ̀gbọ́n àdúgbò kan lọ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ti fà. Wọ́n mú Gàmálìn dání, oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó. Èmi ni mo gbé ike. Wọ́n dà á sínú ibi tí omi ti jìn jù, kò sì pẹ́ tí ẹja fi bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó, wọ́n dojú ikùn sókè: epìyà, àrọ̀, àti àwọn wẹ́wẹ́ tí kò tó ìka ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ ṣà. A kó tiwa kún garawa. Nígbà tí mo délé, ìyá àgbà gbóòórùn rẹ̀, wọ́n bi mí ibi tí mo ti rí i, wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọn ò nà mí. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń sọ bí àrọ̀ odò yẹn ṣe máa ń gùn tó apá nígbà tí wọ́n jẹ́ ìyàwó tuntun. Láti ìgbà náà, mo ti dẹ ìwọ̀ níbẹ̀ ju ogún ìgbà lọ. Àkèré nìkan ni mo ń rí.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n ka ìtàn Wulff dé òpin. Àwọ̀n ni ọ̀tá tirẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ó ní àgọ́ àwọn apẹja ní Newfoundland, erékùṣù ńlá kan tó di ara Kánádà ní 1949. Ọ̀nà kò sí níbẹ̀, ló bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfurufú nígbà tó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, ó sì ra kékeré kan tó ń bà sórí omi. Láti òkè ló ti ń wo àwọn odò, ó sì rí i pé salmon tó ń padà bọ̀ láti òkun ń dín kù, torí àwọn tó ń fi àwọ̀n pa wọ́n tà ti dẹ̀ dè wọ́n lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé ẹnu odò. Ó kọ̀wé, ó ṣe sinimá, ó ń bá ìjọba wí. Ìwé rẹ̀ lórí salmon Àtìláńtíìkì jáde ní 1958.

Kì í ṣe odò nìkan ló mọ̀. Ó fi ọ̀pá mú ẹja tuna ńlá nínú òkun Newfoundland. Ní 1967, nínú òkun Ecuador, ó fi ìdẹ ẹ̀tàn onírun rẹ̀ yẹn mú ẹja marlin kan, ẹja tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ọ̀kọ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 148, nǹkan bíi kìlógírámù 67, ìyẹn ju àpò ìrẹsì kan lọ. Okùn tó fi mú un kò lè gbé ju kìlógírámù 5 àti ààbọ̀ kó tó já! Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọdún 1967 yẹn náà ló fẹ́ Joan Salvato. Ẹ̀yin obìnrin kíláàsì wa, tiyín rè é. Aborí ìdíje okùn jíjù ni Joan. Ní 1951 ó borí nínú ìdíje jíju okùn jìnnà tó jẹ́ pé ọkùnrin ni gbogbo àwọn tó bá a du ú. Àwọn méjèèjì dá ilé-ẹ̀kọ́ apẹja sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní 1979. Ẹni tó ní Wulff ò níyàwó nílé, ó ti gbọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè dáhùn. Ó ní Wulff ti jẹun yó kó tó lọ sódò, pé ẹni tí ọbẹ̀ ilé rẹ̀ ń dúró de ẹja kò lè dá ẹja padà. Òótọ́ ni, mi ò sì ní purọ́ pé mo lè ṣe é lójoojúmọ́. Olùkọ́ wa ní Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ló wá bi wá pé nínú gbogbo àwọn tó ń sin àrọ̀ nínú pọ́ǹdù láti Arámọ̀kọ dé Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n, ta ló máa ń ta ìyá ẹja rẹ̀? Kò sí. Èyí tó tóbi jù tó ń yé ẹyin, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pa á mọ́ sí. Èmi náà rántí odò Ọ̀ṣun, tó ṣẹ̀ láti Ìgèdè níbí ní Èkìtì. Tó bá dé igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni pa ẹja rẹ̀. Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa.

Ní 1984 ìjọba Kánádà pàṣẹ pé ní New Brunswick, Nova Scotia àti erékùṣù Newfoundland, apẹja tó bá fi ìwọ̀ mú salmon tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 63 gbọ́dọ̀ dá a padà láàyè. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lè gbé lọ sílé. Ojú Wulff rí i. Ó ti tó nǹkan bí 45 ọdún tí wọ́n ti ń fi èrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ọjọ́ 28, oṣù Kẹrin, ọdún 1991 ló kú, ní ẹni ọdún 86. Ọkọ̀ òfurufú kékeré tó ń wà ló já bọ́ ní ìpínlẹ̀ New York. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1992, ìjọba dá àwọ̀n tí wọ́n fi ń pa salmon tà dúró ní erékùṣù Newfoundland. Ìyẹn ni kò rí.

Ẹni tí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀ bá mọ orúkọ ẹja tó ti wà nínú àwọn odò wa tẹ́lẹ̀, àti bó ṣe tóbi tó, kó kọ ọ́ fún wa kí a tó tú pátákó yìí ní ọjọ́ Ẹtì. Ti ìyá àgbà mi ni mo ti kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.