Wòlíì William Wadé Harris àti Ìran Inú Ẹ̀wọ̀n

Kò sí ẹ̀ka kan nínú ìjọ wa tí a kì í ti í gbọ́ nípa ìran àti àlá. Àwọn kan a máa rí i nínú ààwẹ̀, àwọn mìíràn nínú àdúrà òru, àwọn mìíràn lórí ibùsùn àìsàn. Rírí ìran kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Mímọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́ fi ìran náà ṣe nínú ọkàn ẹni tí ó rí i ni ó ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà ni a ṣe gbé ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin yìí wá síwájú yín, kí a lè fi í yẹ ara wa wò.

Ní nǹkan bí ọdún 1860 ni a bí William Wadé Harris ní Half-Graway, lẹ́bàá Cape Palmas, ní ilẹ̀ Làìbéríà. Ọmọ ẹ̀yà Glebo ni. Abọ̀rìṣà ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ di onígbàgbọ́ nínú Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ní ìgbà èwe rẹ̀ ó gbé lọ́dọ̀ Àlùfáà John Lowrie, ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìwé ní èdè Glebo àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì ṣe ìrìbọmi fún un. Nígbà tí ó gbọ́njú, ó bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, iṣẹ́ yìí sì mú un dé Èkó àti ilẹ̀ Gàbọ́n. Ó tún ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń wa wúrà ní Axim, ní Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Ìwàásù kan tí ó gbọ́ ní ìlú Harper, lórí ìpè tí Olúwa pe ìjọ Éfésù nínú ìwé Ìfihàn pé kí ó ronú pìwà dà, ni ó yí i lọ́kàn padà.

Ní ọdún 1885 ó gbé Rose Farr níyàwó, ọmọ olùkọ́ kan nínú Ìjọ Episkopal. Iṣẹ́ bíríkìlà ni ó ń ṣe nígbà náà. Ó bá ìyàwó rẹ̀ lọ sí ìjọ rẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ferguson sì gbé ọwọ́ lé e lórí ní ọdún 1888. Láti ọdún 1892 ni ó ti di olùkọ́ nílé ìwé ìjọ, ní ọdún 1899 ìjọba sì fi í ṣe ògbufọ̀. Ẹni iyì ni ó jẹ́ ní ìlú rẹ̀: ó ní ilé, ó ní ọmọ, ó ń wọ bàtà àti aṣọ òyìnbó, ó sì mọ Bíbélì dáradára.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ń wo ìyà tí àwọn ènìyàn Glebo ń jẹ lábẹ́ ìjọba Làìbéríà, ó sì rò pé bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá gba ilẹ̀ náà, ìgbàlà dé. Ní oṣù Kejì ọdún 1909, ó ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní gbangba. Wọ́n mú un, wọ́n sì dá a lẹ́jọ́. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Glebo àti ìjọba ní ọdún 1910, wọ́n ṣẹ́gun àwọn Glebo. Ọ̀nà tí Harris gbójú lé sì dí pátápátá.

Inú ẹ̀wọ̀n ni Ọlọ́run ti wá a rí. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà, áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì yọ sí i ní òru, ó sì sọ fún un pé Ọlọ́run ti yàn án ní wòlíì. Ó ní kí ó bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀. Ó ní Ọlọ́run yóò ta òróró sí i lórí, Harris sì mọ̀ ọ́n lára bí ìgbà tí a da omi tútù síni lórí.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí ohun tí ìran yìí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ti fi kọ́ni ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, síbẹ̀ àsíá ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Ìran náà kò fún un ní ipò. Ó gba aṣọ iyì lára rẹ̀, ó gba ìrètí òṣèlú lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní wèrè. Ìtàn sọ pé ìbànújẹ́ ọ̀rọ̀ náà pọ̀ fún ìyàwó rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi kú.

Ní oṣù Keje ọdún 1913, Harris kọjá odò Cavally bọ́ sí ilẹ̀ Ivory Coast, tí ó wà lábẹ́ Faransé. Ẹsẹ̀ ni ó fi rìn. Aṣọ funfun ni ó wọ̀, ó wé láwàní, ó mú àgbélébùú ọparun, Bíbélì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti àwo omi lọ́wọ́. Àwọn obìnrin tí ń kọrin ni ó bá a rìn. Helen Valentine jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ń wàásù pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ó wà, pé kí wọ́n sun òrìṣà àti oògùn wọn. Ẹni tí ó bá gbà, yóò di àgbélébùú mú, Harris yóò ṣe ìrìbọmi fún un lójú ẹsẹ̀, yóò sì gbé Bíbélì lé e lórí. Kò gba owó. Ní ọdún 1914 ó dé Axim, níbi tí amòfin Casely Hayford ti rí i, tí ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1915. Láàárín nǹkan bí ọdún kan àbọ̀, àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé ó tó 100,000 ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ó ṣe ìrìbọmi fún.

Ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rù sì ba àwọn Faransé. Ní òpin ọdún 1914 wọ́n mú un pẹ̀lú àwọn tí ń bá a rìn, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì lé wọn padà sí Làìbéríà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Helen Valentine fi kú. Wọ́n wó ilé àdúrà púpọ̀. Síbẹ̀, àwọn tí ó gbàgbọ́ kò túká. Harris ti sọ fún wọn pé àwọn kan yóò wá pẹ̀lú Ìwé náà láti kọ́ wọn, wọ́n sì dúró dè wọ́n. Ní ọdún 1924, William Platt, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì tí ń ṣiṣẹ́ ní Dàhòmì, bá wọn níbẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọ̀pọ̀ wọn dara pọ̀ mọ́ ìjọ rẹ̀. Àwọn mìíràn sì dá dúró, ìjọ tí ń jẹ́ orúkọ Harris sì wà títí di òní.

A kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́. Harris gbà pé òun ni Èlíjà ìgbà ìkẹyìn, pé ìjọba Krístì lórí ilẹ̀ ayé ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó kú ní ọdún 1929 nínú òṣì, ayé sì ń lọ. Ẹni tí ó rí ìran kì í ṣe Ọlọ́run. Apá kan ni ó rí. Ṣùgbọ́n iná tí ó sun òrìṣà ẹgbẹẹgbẹ̀rún kò kú pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá dìde láti sọ ìran, ẹ má jẹ́ kí a kàn bèèrè bí áńgẹ́lì ti rí. Ẹ jẹ́ kí a bèèrè ohun tí ó bọ́ kúrò lára ẹni náà, ẹni tí ó ń tọ́ka sí, àti bóyá ọ̀rọ̀ náà lè dúró nígbà tí a bá mú òun fúnra rẹ̀ kúrò. Kí Olúwa fún wa ní ojú inú láti mọ ìyàtọ̀. Àmín.