Alphonsus Mímọ́ àti Òru Aláìsàn Oríkèé



Ní àwọn abúlé wa, láti Akínyẹlé títí dé Ọ̀nà-Àrà, a rí àwọn tí òru kì í san. Bí ilé bá ti sùn tán ni orúnkún àti ọrùn-ọwọ́ wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n. Nítorí tiwọn ni mo ṣe sọ ìtàn Alphonsus Liguori Mímọ́, ẹni tí àwọn onígbàgbọ́ tí oríkèé ń dùn máa ń ké pè.

Ìtòsí ìlú Naples, ní Ítálì, ni a bí i sí ní 1696. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó gboyè nínú ẹ̀kọ́ òfin, ṣùgbọ́n ó fi ilé ẹjọ́ sílẹ̀, ó sì di àlùfáà ní 1726. Ní 1732 ó dá ẹgbẹ́ àwọn Redemptorist sílẹ̀, láti máa wàásù fún àwọn ará ìgbèríko tí a ti gbàgbé. Ní 1762 a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù.

Ní oṣù karùn-ún 1768, làkúrègbé líle kọlù ú, ó sì dá a dùbúlẹ̀ fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ. Ọrùn rẹ̀ tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbọ̀n rẹ̀ fi dá egbò sí i láyà. Ta ni yóò ní irú ọrùn bẹ́ẹ̀ tí yóò sùn wọra? Láti ìgbà náà, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò ni ó fi ń fa ohun mímu nídìí oúnjẹ. Kì bá tí lè rú ẹbọ Mísà mọ́, bí kì í bá ṣe pé àlùfáà kan kọ́ ọ bí yóò ti fara ti àga, kí ẹlòmíràn sì bá a gbé ife mímọ́ dé ẹnu. Ó bẹ̀bẹ̀ láti fi ipò sílẹ̀. Póòpù méjì kọ̀ fún un, kí Pius Kẹfà tó gbà ní 1775. Ó kú ní 1787, ní ẹni 90 ọdún.

Ará mi, ìrora a máa lé oorun lọ. Àìsùn náà a sì máa mú kí ìrora le sí i lọ́jọ́ kejì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, oríkèé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lè gan fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe pe ẹni tí ó pẹ́ dé oko ní ọ̀lẹ. Ẹ bá a pọn omi, ẹ bá a dáná. Kí aláìsàn pẹ̀lú má ṣe fi àìsùn rẹ̀ pamọ́ fún dókítà, nítorí oògùn wà tí ń fa ọwọ́ àrùn yìí sẹ́yìn. Bíṣọ́ọ̀bù ni Alphonsus, kò sì tijú láti gba ìrànlọ́wọ́.

Alphonsus Mímọ́, gbàdúrà fún wa.