Samuel Johnson: Ìwé Ìtàn Tó Sọnù, Tó sì Tún Padà Wá

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tó kọ ìtàn Yorùbá sílẹ̀, orúkọ Àlùfáà Samuel Johnson ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dá. Ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas, ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé òǹkọ̀wé náà kò fi ojú ara rẹ̀ rí ìwé ọ̀hún, àti pé díẹ̀ ló kù kí gbogbo iṣẹ́ náà ṣègbé. Ó yẹ kí àwa ọmọ Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, nítorí a wà nínú ìtàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù yẹn.

Ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1846. Bàbá rẹ̀, Henry Erúgúnjìnmí Johnson, jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ tí ìran rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Aláàfin Abíọ́dún. Òwò ẹrú ló gbé e kúrò nílé, ìdáǹdè ló sì mú un dé Sàró. Nígbà tí Samuel wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kànlá, bàbá náà kó ẹbí rẹ̀ padà sílẹ̀ Yorùbá láti ran ìjọ CMS lọ́wọ́ ní Ìbàdàn, níbi tí Àlùfáà David Hinderer wà. Ibẹ̀ ni ọmọ náà dàgbà sí. Kò pẹ́ tí wọ́n débẹ̀ ni ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀, tí ọ̀nà sì dí. Lẹ́yìn náà, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, ó padà sí Ìbàdàn, ó di olùkọ́, ó di katikíìsì, ó sì di àlùfáà nígbẹ̀yìn. Ọ̀yọ́ ló ti ṣe pásítọ̀ títí ó fi kú.

Ogun ni ìgbà ayé rẹ̀ kún fún. Nígbà ogun Kírìjì, láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, òun àti Charles Phillips wà lára àwọn tó ń ti ibùdó ogun kan bọ́ sí èkejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àlàáfíà, títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọdún 1886. Nítorí náà, kì í ṣe gbọ́-n-gbọ́ nìkan ló fi kọ ohun tó kọ nípa àwọn ogun ìgbà náà. Ó mọ àwọn balógun lójú, ó sì mọ ohun tí ogun ṣe sí ìlú.

Àwọn ogun náà ló jẹ́ kó tètè rí i pé ìtàn lè kú. Àgbà tó bá kú sójú ogun, tàbí tí wọ́n kó lẹ́rú lọ, kó ìmọ̀ rẹ̀ lọ nìyẹn. Ó tún ń dùn ún pé àwọn ọmọ Yorùbá tó kàwé mọ ìtàn Róòmù àti ti Gẹ̀ẹ́sì ju ti baba wọn lọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Fún ìtàn àtijọ́, ó gbọ́ láti ẹnu àwọn arọ́kìn, àwọn tó ń pa ìtàn mọ́ ní ààfin Ọ̀yọ́, àti láti ẹnu Lágunjú, Tímì Ẹdẹ, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí òpìtàn. Fún ìtàn ìgbà tó sún mọ́ tirẹ̀, ó bi David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ ní Ìbàdàn, àti Josiah Oní, oníṣòwò tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Ó dárúkọ wọn nínú ìwé rẹ̀, kí ẹni tó ń kà á lè mọ orísun ọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1897, iṣẹ́ náà parí. Ní 1899, wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé ńlá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó rí i mọ́. Nígbà tí Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ dókítà ní Èkó, dé ìlú Òyìnbó, tó sì béèrè, ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé àwọn kò mọ ibi tí ó wà, ṣùgbọ́n àwọn ṣe tán láti san owó rẹ̀. Iye wo ni èèyàn lè san fún ẹnu àwọn àgbà tó ti kú? Ní oṣù kẹrin ọdún 1901, Samuel fúnra rẹ̀ kú ní Ọ̀yọ́.

Ohun tó gba ìtàn náà là ni pé kò ju àwọn ìwé pélébé àti àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nù. Obadiah kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó sì tún ìtàn náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ ìṣègùn lọ. Ó gbà á ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kìíní ọdún 1916, ìwé náà tún wọ ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú un lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ó lé ní ọdún kan kí ìwé náà tó tẹ àwọn atẹ̀wé lọ́wọ́, bébà sì ti wọ́n nítorí ogun. Obadiah kú ní 1920. Ní 1921 ni ìwé náà jáde, kò sì sí ọ̀kankan nínú tẹ̀gbọ́n tàbúrò láti gbà á lọ́wọ́.

Nínú ìwé yìí, Johnson ka Alákétu, Oníṣábẹ àti Olúpópó mọ́ àwọn ọba tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọmọ Odùduwà, pẹ̀lú Olówu, Ọba Ìbíní, Ọ̀ràngún àti Ọ̀rányàn. Ẹ̀rí pàtàkì nìyẹn pé ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà kò bí wa. Síbẹ̀, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni Johnson jókòó sí, àwọn ló sì mọ̀ jù. Ìwọ̀nba ni ohun tó kọ nípa wa.

Ní ọdún 1886 kan náà tí àdéhùn àlàáfíà wáyé, ogun Dahomey jó Kétu, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ. Ìlú náà di ahoro títí Faransé fi ṣẹ́gun Bẹ̀hánzìn. Bí àwọn tó padà wálé ṣe rántí orúkọ àwọn Alákétu àtijọ́ jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Baba Ẹlẹ́gùn ni àṣà fi ìtàn wọ̀nyẹn sí lọ́wọ́, orí ló sì fi ń mọ̀ ọ́n. Orí ènìyàn kan àti ìwé kan ṣoṣo jọ ara wọn: bí ọ̀kan bá lọ, gbogbo rẹ̀ lọ.

Lónìí, àwọn ìwé ojoojúmọ́ tí Johnson fi ránṣẹ́ sí CMS ṣì wà ní Yunifásítì Birmingham, ẹni tó bá fẹ́ lè lọ kà wọ́n. Ilé àkójọ ìwé orílẹ̀-èdè Benin sì wà ní Àjàṣẹ́ níbí, nítòsí wa. Ẹni tó bá ní ìwé baba rẹ̀ nínú àpótí, orúkọ àwọn baálé, àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ilẹ̀, tàbí ohùn àgbà tí wọ́n gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí ó ṣe àdàkọ rẹ̀ kó tó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Kí ó kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ìlú àti ọdún sí i. Kí ó fi ọ̀kan sílé, kí ó sì fi èkejì síbòmíràn. Bí Johnson bá ti da àwọn ìwé pélébé rẹ̀ nù ní 1899, a kì bá tí ní ohun tí à ń kà.