Qiu Jin: Akéwì obìnrin tí wọ́n bẹ́ lórí ní ilẹ̀ Ṣáínà

Ní ìdájí ọjọ́ 15, oṣù Keje, ọdún 1907, àwọn ṣọ́jà mú obìnrin kan jáde ní ìlú Shaoxing, nílẹ̀ Ṣáínà, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí. Qiu Jin ni orúkọ rẹ̀. Akéwì ni, olùkọ́ ni, abiyamọ ọlọ́mọ méjì sì ni. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó ń dìtẹ̀ mọ́ ìdílé ọba Qing. Ṣùgbọ́n kó tó kọjú ìjà sí ọba ló ti ń bá ojú tí àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ fi ń wo obìnrin jà.

Ọdún 1875 ni wọ́n bí i sí ìdílé òṣìṣẹ́ ìjọba. Láyé ìgbà náà, obìnrin tó pé lójú wọn ni èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré, tí a kì í gbóhùn rẹ̀ níta. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi aṣọ di ẹsẹ̀ ọmọbìnrin pinpin, títí ìka rẹ̀ yóò fi ká sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n di ti Qiu Jin náà. Síbẹ̀, wọ́n jẹ́ kó kàwé, ó gun ẹṣin, ó sì mọ idà lò.

Lọ́dún 1896, wọ́n fi í fún ọmọ olówó kan ní Hunan. Ìgbéyàwó náà kò tù ú lára. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Beijing, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ ọkùnrin jáde. Lọ́dún 1904, ó ta ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀, ó fi ọkọ àtàwọn ọmọ sílẹ̀, ó sì lọ kàwé ní Jàpáànù. Àwọn ọmọ náà ṣì kéré. Ìpinnu ńlá ni, ẹni tó bá sì pè é ní ohun kékeré kò mọ ohun tó ń sọ. Ní Jàpáànù ló ti ń jẹ́ Jingxiong, orúkọ tó túmọ̀ sí ẹni tó ń bá akọ figagbága.

Nígbà tó padà délé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yí díẹ̀. Ní oṣù Kínní, ọdún 1907, ó dá ìwé ìròyìn obìnrin sílẹ̀ ní Shanghai, ní èdè tó rọrùn. Kò ní kí obìnrin di ọkùnrin mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀kọ́ ni kí wọ́n wá, kí wọ́n lè máa bọ́ ara wọn. Ẹ̀dà méjì péré ló jáde. Ó tún ń kọ ìtàn olórin kan, irú èyí tí àwọn obìnrin inú ilé fẹ́ràn, tí ẹni tí kò mọ ìwé lè fetí gbọ́. Kò parí rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ Datong tó ń darí ní Shaoxing jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ogun jíjà ní ìkọ̀kọ̀. Ní ọjọ́ 6, oṣù Keje, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Xu Xilin, pa gómìnà Anhui. Wọ́n ta Qiu Jin lólobó pé kó sá. Kò sá. Wọ́n fìyà jẹ ẹ́, kò jẹ́wọ́.

Lọ́dún 1919, Lu Xun, òǹkọ̀wé ńlá tóun náà jẹ́ ọmọ Shaoxing, kọ ìtàn kúkúrú kan nípa ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n bẹ́ lórí, tí bàbá kan ra búrẹ́dì tí wọ́n tẹ̀ bọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti fi wo ọmọ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá jà. Xia Yu ni ó pe ọlọ̀tẹ̀ náà. Ìgbà ẹ̀rùn ni Xia lédè wọn, ìgbà ìwọ́wé sì ni Qiu, nítorí náà kò ṣòro fún wọn láti mọ ẹni tó ń sọ. Àmọ́ ọkùnrin ni Lu Xun fi í ṣe.