Oluale Kossola: Ọmọ Yorùbá tí orúkọ ìdílé rẹ̀ tọ́ka ọ̀nà ilé láti Amẹ́ríkà

Ní Sawaba, àdúgbò kan ní ìlú Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, orúkọ Kwadwo kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀. Ọmọkùnrin tí àwọn Asante bá bí ní ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn Ewe àti Fon náà ní tiwọn, Kodjo.

Orúkọ yìí kan náà, tí àwọn Amẹ́ríkà ń kọ ní Cudjo, ni ayé fi mọ ọkùnrin Yorùbá kan tó kú sí ìpínlẹ̀ Alabama ní ọjọ́ 17, oṣù Keje, ọdún 1935. Cudjo Lewis ni ìwé ìjọba ń pè é. Ṣùgbọ́n Kossola ni orúkọ tó gbé wá láti ilé, kò sì jẹ́ kí ó parun títí tó fi di arúgbó.

Ọmọ Bantè

Ní nǹkan bí ọdún 1841 ni wọ́n bí Kossola. Àwọn òpìtàn gbà pé Bantè ni ìlú rẹ̀, láàrin àwọn Yorùbá tí à ń pè ní Ìṣà, ní ilẹ̀ tó di orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Oluale ni orúkọ bàbá rẹ̀, Fondlolu ni ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ ìjòyè lábẹ́ ọba ìlú.

Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ ogun. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ní ọdún 1860, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, tí àwọn obìnrin jagunjagun wà lára wọn, ya wọ ìlú náà ní ìdájí. Wọ́n bẹ́ ọba ìlú lórí. Kossola gbìyànjú láti sá lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kò fojú kan ìyá rẹ̀ mọ́ láéláé.

Wọ́n kó àwọn ìgbèkùn gba Abomey kọjá dé Ouidah létí òkun. Ibẹ̀ ni William Foster, ọ̀gá ọkọ̀ Clotilda, ti rà wọ́n.

Ọkọ̀ tí wọ́n dáná sun

Láti ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́rọ̀ kan ní ìlú Mobile, Timothy Meaher, fi owó ta á pé òun yóò kó wọn wọlé láìsí ẹni tí yóò mú òun. Ní oṣù Keje ọdún 1860, Clotilda gúnlẹ̀ ní òru pẹ̀lú àwọn ènìyàn bí àádọ́fà. Kí àṣírí má baà tú, wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà nínú odò.

James, àbúrò Timothy, ni Kossola bá ṣiṣẹ́. Nígbà tí ahọ́n ọ̀gá rẹ̀ kò lè pe Kossola, ó ní kí wọ́n kúkú máa pe òun ní Cudjo. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé Oluale, orúkọ bàbá rẹ̀, ló di Lewis lẹ́nu àwọn aláwọ̀ funfun.

Ìlú tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ̀ dó

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1865 ni òmìnira dé. Ilé ni gbogbo wọn fẹ́ padà sí, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kò sí. Kossola ni wọ́n rán sí Timothy Meaher pé kí ó fún wọn ní ilẹ̀, nítorí òun ló mú wọn kúrò lórí ilẹ̀ tiwọn. Meaher kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n tọ́jú owó, wọ́n sì ra ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1872, Kossola san ọgọ́rùn-ún dọ́là fún nǹkan bí éékà méjì. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó síbẹ̀ ni à ń pè ní Africatown títí di òní. Wọ́n yan olórí àti onídàájọ́ láàrin ara wọn, wọ́n sì kọ́ ilé ìjọsìn tiwọn.

Àwọn ọmọ mẹ́fà

Kossola fẹ́ Abile, tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ Clotilda wá. Wọ́n bí ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin kan, wọ́n sì fún wọn ní orúkọ ilé mọ́ orúkọ Amẹ́ríkà. Aleck ni àkọ́bí ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n Iyadjemi ni nínú ilé. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí kò ní gbọ́ Ìyàjẹmí nínú rẹ̀. Ebeossi ni orúkọ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí.

Ebeossi ló kọ́kọ́ kú, ní ọdún 1893, lẹ́ni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ọdún 1902, òṣìṣẹ́ agbófinró kan yìnbọn pa ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin. Ọdún yẹn kan náà ni ọkọ̀ ojú irin kọlu Kossola. Ilé ẹjọ́ dá owó gbà-má-bìínú fún un, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gíga jù ní Alabama wọ́gi lé e. Ọkọ̀ ojú irin tún pa ọmọ mìíràn, àìsàn mú òmíràn lọ, ọ̀kan sì jáde nílé tí kò padà mọ́. Ní ọdún 1908 ni Abile kú, Iyadjemi sì tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ láìpẹ́ ọjọ́. Ìyàwó Iyadjemi àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló kù ti bàbá àgbà nínú ọgbà.

Àwọn tó béèrè orúkọ rẹ̀

Òǹkọ̀wé kan, Emma Langdon Roche, kọ nípa àwọn ará Africatown nínú ìwé tó jáde ní ọdún 1914. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi orúkọ ilé àwọn sínú rẹ̀, bóyá ìwé náà lè dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan nílé tó ṣì rántí wọn.

Ní ọdún 1927, Zora Neale Hurston dé. Ó mú èso píìṣì wá fún bàbá náà, wọ́n jọ jẹ bàrà olómi, ó sì ń fetí sílẹ̀. Ní ọjọ́ tó bá wu Kossola ló máa ń sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, ó lè ní kí àlejò máa lọ. Nígbà tí Hurston kọ́kọ́ pè é ní Kossola, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìṣáájú: kí wọ́n pe orúkọ òun nílé, bóyá ẹnì kan yóò ní òun mọ̀ ọ́n.

Hurston parí ìwé náà ní ọdún 1931, ṣùgbọ́n àwọn atẹ̀wé kò gbà á. Ọdún 2018 ló tó jáde, pẹ̀lú àkọlé Barracoon. Ní ọdún 2019, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwókù ọkọ̀ tí wọ́n rí nínú odò Mobile ni Clotilda.

Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 2007, òpìtàn Sylviane Diouf ti gbé ìwé jáde lórí àwọn ará Africatown. Àwọn orúkọ tí Kossola kò gbàgbé, àti ohun tó sọ nípa ìlú rẹ̀, ni Diouf tẹ̀ lé dé Bantè.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ìdílé Yorùbá tí òfin ọdún 1969 tú ká ní Ghana, tí ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò. Ohun tó kù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn kò ju orúkọ bàbá àgbà, oríkì, àti ọ̀nà tí ìyá ń gbà se ọbẹ̀ ìlú rẹ̀. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni Kossola gbé kọjá òkun. Ó dé ilé nítorí pé ẹnì kan jókòó tì í, ó béèrè, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí bàbá tó kú.