Tolkien: Ẹni Tó Bí Àwọn Elf àti Aràrá Tí Àwọn Ọmọ Wa Fi Ń Ṣeré

Ìtàn ayé òyìnbó kan ni mo gbé wá lónìí, ẹni tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ nítorí sinimá The Lord of the Rings tó jáde láti 2001 sí 2003. J. R. R. Tolkien ni. Àmọ́ kì í ṣe torí sinimá ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Torí eré kan tó ti wọlé wa ni.

Ẹ wo àwọn ọmọ wa bí wọ́n bá ti tó ọdún méjìlá, mẹ́tàlá. Wọ́n á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á kó bébà, pẹ́ńsù àti dáìsì jáde, dáìsì mìíràn tilẹ̀ ní ojú ogún. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á máa sọ ohun tí àwọn fẹ́ ṣe nínú ìtàn náà, dáìsì ló sì máa pinnu bóyá ó ṣe é ṣe. Dungeons & Dragons lorúkọ èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mú nǹkan méjì: ẹ̀yà tí òun jẹ́ àti iṣẹ́ tí òun ń ṣe. Ọ̀kan á ní elf ni òun, tafàtafà. Òmíràn á ní aràrá ni òun, jagunjagun aláàáké. Ẹ̀kẹta á ní halfling ni òun, olè sì niṣẹ́ òun. Olè! Nínú ilé ọmọlúàbí!

Àwọn òbí kan ti bi mí pé ṣé kì í ṣe eré òkùnkùn nìyí. Mi ò bá wọn jà, torí tí èèyàn bá tú wizard sí oṣó, ojú oṣó náà ni ìyá ọmọ máa fi wò ó. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, láti 1980 lọ sókè, ọ̀pọ̀ òbí onígbàgbọ́ ló gbógun ti eré yìí. Èmi ní tèmi, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo kọ́. Mo máa ń fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti rọ nǹkan kí n tó sọ pé ó dáa tàbí kò dáa. Mo bá ń tọ ipa àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí. Ipa náà gbé mi dé Gúúsù Áfíríkà, ó sì gbé mi padà wá sí Birmingham níbí tí mò ń gbé.

Ọjọ́ 3 oṣù kìíní 1892 ni wọ́n bí John Ronald Reuel Tolkien ní ìlú Bloemfontein. Bẹ́ẹ̀ ni o, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n bí i sí. Báńkì ni Arthur bàbá rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ wọn kan, aláwọ̀ dúdú, gbé ọmọ náà lọ sí abúlé tirẹ̀ lọ́jọ́ kan láì sọ fún ẹnikẹ́ni, ó fẹ́ fi ọmọ òyìnbó han àwọn èèyàn rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló tó dá a padà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fojú inú wo òru ọjọ́ yẹn!

Ooru ibẹ̀ kò bá ọmọ náà lára mu. Ní 1895, Mabel ìyá rẹ̀ kó òun àti Hilary àbúrò rẹ̀ wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò dé. Àìsàn mú un, ó sì kú ní oṣù kejì 1896, nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́rin. Ilé tó pín sí orílẹ̀-èdè méjì, tí apá kan ń retí apá kejì, ta ni kò mọ irú ẹ̀ nínú wa?

Ìyá náà gba ilé kékeré ní Sarehole, tó jẹ́ abúlé lẹ́yìn Birmingham nígbà náà, kí ìlú tó gbé e mì. Omi ló ń yí ọlọ ńlá tó wà níbẹ̀. Ọlọ náà ṣì wà, èèyàn lè lọ wò ó. Oko, ọ̀gbàrá, igi, àti àwọn ará abúlé tó fẹ́ràn oúnjẹ tí wọn kì í wá wàhálà ẹnikẹ́ni: ibẹ̀ ni Tolkien ti rí àwọn hobbit rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yà kúkurú yìí máa ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́ tí wọ́n bá rí i. Àwọn ni eré náà ń pè ní halfling lónìí.

Ìyá ló kọ́kọ́ kọ́ ọ ní èdè Látìn. Ní 1900, Mabel di ọmọ ìjọ Kátólíìkì, àwọn ẹbí rẹ̀ bínú, wọ́n sì dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ dúró. Àtọ̀gbẹ ló pa á ní oṣù kọkànlá 1904. Nígbà yẹn, insulin kò tíì sí láyé. Ọmọ ọdún méjìlá, kò ní bàbá, kò ní ìyá. Àlùfáà kan, Fadá Francis Morgan, ló di alágbàtọ́ fún òun àti àbúrò rẹ̀.

Ní 1908, nínú ilé tí wọ́n ti ń gbé yàrá ní Edgbaston, ó pàdé ọmọbìnrin kan, Edith Bratt, tí òun náà jẹ́ ọmọ òrukàn. Ọmọ ọdún 16 ni Tolkien, Edith jẹ́ 19. Nígbà tó yá, Fadá gbọ́, ó ní ó parí: wọn ò gbọdọ̀ ríra, wọn ò gbọdọ̀ kọ lẹ́tà, títí ọmọkùnrin yóò fi pé ọdún 21. Ó gbà. Lálẹ́ ọjọ́ tó pé 21 gan-an ní 1913 ló jókòó kọ lẹ́tà sí i. Ṣé ẹ mọ̀ pé Edith ti gba òrùka ẹlòmíràn? Ó dá òrùka náà padà. Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù kẹta 1916.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbéyàwó, ogun gbé e lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ogun Somme ló bá níbẹ̀, òun sì ni ọ̀gá àwọn tó ń fi wáyà, àsíá àti ẹyẹlé ránṣẹ́. Ibà inú yàrà ogun ló yọ ọ́ nínú ikú, wọ́n gbé e padà wá sílé ní oṣù kọkànlá 1916. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin ni wọ́n láti ilé-ìwé King Edward's ní Birmingham níbí. Kí ọdún náà tó parí, méjì ti kú sójú ogun: Rob Gilson àti Geoffrey Smith.

Lẹ́yìn ogun, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ lórí ìwé atúmọ̀ èdè ńlá Oxford, ó kọ́ni ní yunifásítì Leeds, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford ní 1925. Ọmọ mẹ́rin ni òun àti Edith bí, àkọ́bí di àlùfáà. Àwọn ọmọ yìí ló ń pa àlọ́ fún tí ìwé The Hobbit fi jáde ní 1937. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan, ọmọ atẹ̀wé, ni wọ́n fún ní ìwé náà kí ó kọ́kọ́ kà á wò, wọ́n sì san ṣílè kan fún un. Ó ní ó dáa. Èyí tó tẹ̀lé e, The Lord of the Rings, jáde láàárín 1954 sí 1955.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀, torí ibí yìí ló ká mi lára jù. Àwọn ẹlòmíràn tó ń kọ irú ìwé yìí, ẹ̀yà ni wọ́n á kọ́kọ́ dá, etí ṣonṣo, irùngbọ̀n gígùn, kí wọ́n tó wá ọ̀rọ̀ fi sí wọn lẹ́nu. Tolkien kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èdè ló kọ́kọ́ dá. Láti kékeré ló ti ń hun èdè jọ, pẹ̀lú gírámà àti bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Nígbà tó di pé èdè wà tán, ó rí i pé èdè tí kò ní ẹni tó ń sọ ọ́ ti kú, ó bá dá àwọn elf kí wọ́n lè máa sọ ọ́. Èdè elf méjì ló ṣe yanjú jù: ọ̀kan mú ohùn rẹ̀ láti ara èdè Finland, èkejì láti ara èdè Wales. Àwọn aràrá ní tiwọn, èdè wọn dà bíi ti Hébérù. Ó tilẹ̀ sọ ọ́ rí pé òun kọ ìwé ńlá náà kí ibì kan lè wà tí kíkí kan ní èdè elf yóò ti jẹ́ kíkí ojoojúmọ́. Ọmọ Yorùbá wo ni kò ní lóye ìyẹn, àwa tí a ní kíkí fún ẹni tó ń gerun? Ọmọ kan wà ládùúgbò wa tó mọ bí elf ṣe ń kíni, tí kò sì mọ ẹ kú iṣẹ́. Mi ò bá ọmọ náà wí. Kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ́ nílé.

Tolkien kú ní Bournemouth ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án 1973, ó jẹ́ ẹni ọdún 81. Ní oṣù kìíní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson tẹ Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Bàbá náà kò rí eré yìí rárá. Ẹ̀yà mẹ́rin ló wà nínú ìwé àkọ́kọ́: ènìyàn, elf, aràrá àti hobbit. Iṣẹ́ mẹ́ta: jagunjagun, onídán àti àlùfáà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn tó ní ẹ̀tọ́ lórí orúkọ inú ìwé Tolkien yarí, hobbit sì di halfling. Olè dé ní 1975; nínú The Hobbit náà, iṣẹ́ fọ́léfọ́lé ni wọ́n gba Bilbo sí. Ọdún yẹn náà ni ranger dé, tí wọ́n fi Aragorn ṣe àwòkọ. Tó bá jẹ́ èmi, ọdẹ ni mo máa pè é. Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà, tó jáde ní 1938, ọdún kan péré lẹ́yìn The Hobbit, mọ̀ pé irú ẹgbẹ́ yẹn kò ṣàjèjì sí wa: Kàkó oníkùmọ̀, Olóhùn-iyọ̀ olórin, Ìmọ̀dòye ọlọ́gbọ́n, oníkálukú pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀, wọ́n ń lọ sí Òkè Láńgbòdó.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti ọwọ́ Tolkien wá o. Onídán inú eré náà máa ń gbàgbé ọfọ̀ tó bá ti pè é tán. Ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé mìíràn, Jack Vance, ni wọ́n ti mú ìyẹn. Gygax kò tilẹ̀ fẹ́ràn Tolkien tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ènìyàn ló fẹ́ kó máa borí, ó bá fi òfin dè àwọn tó kù: jagunjagun aràrá kò lè kọjá ipele 6, hobbit kò lè kọjá ipele 4, ènìyàn nìkan ni kò ní òpin. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì nílùú òyìnbó mọ irú òfin yẹn dáadáa. Ọdún 2000 ni wọ́n tó pa á rẹ́. Nínú ẹ̀dà kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1981, elf tilẹ̀ ti di iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Tó o bá jẹ́ elf, iṣẹ́ ẹ nìyẹn, ó tán. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ ni eré náà ti jìnnà jù sí Tolkien: ó mú etí àti irùngbọ̀n, ó fi ahọ́n sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà yìí sì le. Àwọn orc, ọ̀tá tó burú, wà nínú ìwé rẹ̀, àwọn ènìyàn dúdú láti gúúsù sì wà tí wọ́n ń jà fún ọ̀tá. Mo kà á, inú mi kò dùn sí i, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ọkùnrin kan náà ni atẹ̀wé Jámánì kan kọ̀wé sí ní 1938, nígbà ìjọba Hitler, láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Nínú èsì rẹ̀ tó wà nílẹ̀ dòní, ó bu ẹnu àtẹ́ lu ìbéèrè náà, ó ní ó dun òun pé òun kò ní baba ńlá kankan tó jẹ́ Júù. Nígbà tó ń fẹ̀yìn tì ní Oxford ní 1959, ó dárúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i, ó sì sọ lójú gbogbo èèyàn pé òun kórìíra apartheid. Ọ̀rọ̀ orc náà kò jẹ́ kó sinmi: báwo ni odidi ẹ̀yà kan ṣe lè burú láti inú oyún? Kò rí ìdáhùn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn títí ó fi kú. Ìwé òfin eré náà tó jáde ní 2024 ti yọ ọ̀rọ̀ race kúrò, wọ́n fi species rọ́pò rẹ̀, ọmọ sì lè mú orc láti ojú ewé àwọn ẹ̀yà bíi ti elf. Mo gba tiwọn.

Ohun kan ni mi ò gbà. Wọ́n yọ half-elf, ọmọ elf àti ènìyàn, kúrò nínú ìwé 2024 yẹn. Òun ni mo fẹ́ràn jù, ọmọ ẹ̀yà méjì tí kò mọ èyí tí wọ́n máa pè é. Ẹ wo inú ilé yín, ẹ óò rí i. Èmi mọ ibi tí Tolkien ti rí i. Ní 1917, nígbà tó ń gba ìtọ́jú lẹ́yìn ibà ogun, òun àti Edith lọ sínú igbó kan ní Roos ní Yorkshire, Edith sì jó fún un láàárín òdòdó funfun. Láti inú ijó yẹn ló ti kọ ìtàn Lúthien, ọmọbìnrin elf, àti Beren, ọmọ ènìyàn tó fẹ́ ẹ. Àrọ́mọdọ́mọ àwọn méjèèjì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn half-elf inú ìwé rẹ̀.

Edith kú ní 1971. Ibojì kan náà ni wọ́n sin wọ́n sí ní Wolvercote, létí Oxford. Lábẹ́ orúkọ Edith, wọ́n kọ Lúthien. Lábẹ́ orúkọ tirẹ̀, wọ́n kọ Beren.